FishBase: Àyẹ̀wò Ilé Àkójọ Ìmọ̀ Ẹja Tó Wà Lọ́fẹ̀ẹ́

FishBase jẹ́ ilé àkójọ ìmọ̀ nípa ẹja lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè wọ inú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, láìforúkọ sílẹ̀, yóò sì bá ẹ̀yà ẹja tó lé ní 35,000 níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tó lé ní 300,000 tí àwọn ènìyàn kárí ayé ń pè wọ́n ní èdè wọn. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹja ní Ìbàdàn, ní Akúrẹ́ tàbí ní Abẹ́òkúta, fún ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, àti fún ẹni tó kàn ń ra ẹja lọ́jà tó sì fẹ́ mọ ohun tó ń kó sínú ìkòkò. Èrò mi nípa rẹ̀ kò ṣòro sọ: iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì mọ èkejì rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló sì ní omi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà láìbéèrè omi rẹ̀ yóò ṣìnà.

Kí a tó yẹ iṣẹ́ náà wò, ó yẹ kí a mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀, nítorí pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ní omi ilẹ̀ olóoru ló fà á tí FishBase fi rí bó ṣe rí. Wọ́n bí Daniel Pauly ní Paris ní ọdún 1946; bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé. Siwítsàlandì ló ti dàgbà, Yunifásítì Kiel ní Jámánì ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja. Ní ọdún 1971, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó lọ ṣe ìwádìí ní ọ̀sà Sakumo nítòsí Tema ní Gánà. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìpẹja ńlá ní Indonéṣíà, nígbà tó sì di ọdún 1979, ọdún kan náà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó darapọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ICLARM ní Manila, olú-ìlú Filipíìnì.

Ìṣòro tó bá pàdé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe ìwádìí ẹja lápá ọ̀dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ olótùútù, ìdàgbà ẹja máa ń fà sẹ́yìn nígbà ọ̀gìnnìtìn, èyí sì máa ń fi àmì sílẹ̀ lára ìpẹ́ ẹja àti lára eegun kékeré inú etí rẹ̀, bí òrùka inú igi tí wọ́n gé lulẹ̀. Ẹni tó bá ka àmì náà ti mọ iye ọdún tí ẹja ti lò láyé. Omi Gánà tàbí ti Èkó kì í tutù dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, nítorí náà àmì ọdún kì í sábà hàn kedere lára ẹja wa. Bí a kò bá sì mọ ọjọ́ orí ẹja, a kò lè mọ bó ṣe ń yára dàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ iye tí àwọn apẹja lè kó lọ́dún kan láìjẹ́ pé irú ẹja náà pòórá nínú omi.

Gígùn ẹja ni Pauly fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá lọ sí èbúté lóṣooṣù, tí a sì wọn gígùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹja kan náà, a óò rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní àsìkò kan náà máa ń kóra jọ sí agbègbè gígùn kan, agbègbè náà á sì máa sún síwájú bí oṣù ti ń gorí oṣù. Bó ṣe ń sún síwájú yẹn ni ìdàgbà ẹja. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní ELEFAN, tó ń bá olùwádìí ṣe ìṣirò náà, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ olùwádìí láti Éṣíà, Áfíríkà àti Látìn Amẹ́ríkà bí a ṣe ń lò ó. Pátákó ìwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀ tó ohun tí olùwádìí nílò lójú omi. Kò dìgbà tó bá ní awò-amúǹkan-tóbi olówó ńlá. Ní ọdún 1980 bákan náà ló tẹ ìwádìí kan jáde tó fi kó àkọsílẹ̀ lórí àgbájọ ẹja 175 jọ, tó sì fi hàn bí ooru omi, ìdàgbà ẹja àti iye ẹja tó ń kú fúnra rẹ̀ ṣe so mọ́ra. Àwọn olùwádìí ẹja ṣì ń lo ìṣirò inú rẹ̀ di òní.

Iṣẹ́ bíi ti àgbájọ ẹja 175 yìí gba kí ènìyàn máa tú ìwé ìròyìn ìwádìí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò rọrùn fún olùwádìí tí ilé ìkàwé tòsí rẹ̀ kò ní ìwé. Ní òpin àwọn ọdún 1980 sókè, Pauly àti Rainer Froese, onímọ̀ ẹja kan láti Kiel, bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Inú àwo sídíì ni FishBase kọ́kọ́ wà ní ọdún 1995, ó sì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 1996. Lónìí, Los Baños ní Filipíìnì ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àjọṣe àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí ló dúró tì í. Lára wọn ni FAO, ìyẹn àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tó wà ní Tervuren ní Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí ẹja inú odò Áfíríkà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, àti Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, níbi tí Pauly ti ń kọ́ni láti ọdún 1994.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni kí a ṣí ojú ewé ẹja kan. Mo dámọ̀ràn Sarotherodon melanotheron, ọ̀kan lára àwọn ẹja tí a máa ń pè ní epìyà, nítorí pé òun ni ẹja tí Pauly ṣe ìwádìí lé lórí ní Sakumo, òun kan náà ló sì pọ̀ ní Ọ̀sà Èkó àti nínú acadja, ìyẹn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ inú omi kí ẹja lè kóra jọ síbẹ̀, ní ọ̀sà Nokoué ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Akọ rẹ̀ ló sábà máa ń fi ẹnu gbé ẹyin títí wọn yóò fi pa, ó sì lè gbé nínú omi tó ní iyọ̀ àti èyí tí kò ní. Lókè ojú ewé ni a óò ti rí àwòrán, orúkọ, ibi tó ń gbé àti bó ṣe tóbi tó. Nísàlẹ̀ ni ọrọ̀ ibẹ̀ wà: ohun tó ń jẹ, ìgbà tó ń yé ẹyin, bó ṣe ń dàgbà, bí gígùn rẹ̀ ṣe bá ìwúwo rẹ̀ mu, orílẹ̀-èdè tó ti wà láti ìpilẹ̀ àti èyí tí ènìyàn gbé e lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé nọ́ńbà inú àwọn tábìlì yẹn kì í dá rìn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò mú wa lọ sí ìwé tí wọ́n ti yọ ọ́, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà, àti ní ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ odò tàbí ọ̀sà tí wọ́n ti wọn ẹja náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lè ti ibẹ̀ mọ ẹni tó ti ṣe irú ìwádìí rẹ̀ ṣáájú, kí ó wá ìwé onítọ̀hún lọ, kí ó sì kà á fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa lò ó nìyẹn. Àwọn tó ń dá dúró sí ojú ewé àkọ́kọ́, tí wọ́n ń kọ “gẹ́gẹ́ bí FishBase ṣe sọ” sínú iṣẹ́ wọn, kò tíì débi tí àǹfààní wà.

Olùsin ẹja náà ní ohun tí yóò mú níbẹ̀, pàápàá tábìlì gígùn àti ìwúwo. Ìlànà rẹ̀ ni pé ìwúwo ẹja jẹ́ nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní a, tí a sọ di ìlọ́po gígùn ẹja tí a ti fi nọ́ńbà kejì, b, gbé sókè, b sì sábà máa ń súnmọ́ 3. Ká ní nọ́ńbà a jẹ́ 0.006, tí nọ́ńbà b jẹ́ 3 gẹ́ẹ́. Ẹja àrọ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 yóò fún wa ní 40 lọ́nà 40 lọ́nà 40, èyí tó jẹ́ 64,000. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 0.006, ó di gíráàmù 384. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n létí adágún lè fi rúlà nìkan mọ ibi tí ẹja rẹ̀ dé, láìjẹ́ kí ẹja pẹ́ lókè omi. Bí ẹni tó ní òṣùwọ̀n bá sì wọn ẹja rẹ̀, tó rí i pé ó fúyẹ́ ju ohun tí ìṣirò sọ lọ ní ọ̀nà tó hàn, ó tó ohun tí ó yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ yẹ oúnjẹ ẹja àti omi adágún wò.

Níbí gan-an ni mo ti ní láti kìlọ̀. Ojú ewé Clarias gariepinus, ẹja àrọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, sọ pé ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 170, kí ó sì wúwo tó kílò 60. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹja tó gbó sínú odò àti adágún ńlá nìyẹn, kì í ṣe ẹja inú adágún oníkọnkéré tí wọ́n ń fi oúnjẹ tó ń léfòó lórí omi bọ́ fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tábìlì ìdàgbà: púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ara ẹja tí kò sí ẹni tó ń bọ́ ọ, nínú omi tó lè gbóná tàbí tutù ju tiwa lọ. Ẹni tó bá fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kọ ìwé ètò ìṣòwò lọ sí báńkì ń tan báńkì, ó sì ń tan ara rẹ̀. FishBase ní ojú ewé fún ìsìn ẹja àti fún àrùn, síbẹ̀ kò ní sọ iye tí àpò oúnjẹ ẹja jẹ́ lónìí, kò sì ní sọ ìdí tí ọmọ ẹja fi ń kú lẹ́yìn òjò ńlá. Olùkọ́ni ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, tàbí olùsin ẹja tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ni kí a bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àléébù kejì fara sin ju èyí lọ, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ẹja ló wà ní odò Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n rí bó ṣe yẹ. Fún irú ẹja bẹ́ẹ̀, FishBase máa ń fojú díwọ̀n: yóò wo àwọn ìbátan ẹja náà tí wọ́n ti wọ̀n, yóò wo bí ara rẹ̀ ṣe rí, yóò sì fi ìṣirò fa nọ́ńbà kan jáde. Kò fi èyí pa mọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àfojúdíwọ̀n ni, ó sì máa ń fi ààlà tí nọ́ńbà náà lè dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá ojú ewé ni ó wà, nínú lẹ́tà kan náà tí ó fi kọ ohun tí wọ́n fojú rí. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ mìíràn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àfojúdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n ní odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun, ẹni tó bá tún ka ìwé tirẹ̀ yóò gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tòótọ́, àṣìṣe á sì di ìmọ̀.

Fún ẹni tó ń ra ẹja lọ́jà, àǹfààní rẹ̀ ga ju bí a ṣe rò lọ. Púpọ̀ nínú ẹja yìnyín tí à ń jẹ kì í ṣe ẹja òkun wa rárá. Ẹni tó bá ṣí ojú ewé Scomber scombrus, ọ̀kan lára àwọn ẹja tí à ń pè ní Titus, yóò rí i lórí máàpù pé òkun Àtìláńtíìkì ti apá àríwá ló ń gbé, láti etíkun Amẹ́ríkà dé ti Norway. Panla tún díjú díẹ̀, nítorí pé ó ju irú ẹja kan lọ tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí a ka orúkọ Látìn tó sábà máa ń wà lára páálí ẹja tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù, kí a sì fi òun wá ẹja náà. Bí a bá fi orúkọ ọjà wá a, a lè dé ìdí ẹja mìíràn.

Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni a óò tún ti rí nọ́ńbà kékeré kan tó ń sọ ipò ẹja nínú ètò ta-ní-ń-jẹ-ta. Ewéko inú omi wà ní ipò 1, ohun tó ń jẹ ewéko wà ní 2, ẹja tó sì ń jẹ ẹja mìíràn lè kọjá 4. Epìyà tó wá láti odò Náílì, Oreochromis niloticus, wà ní ìdí 2, nítorí ewéko inú omi ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Irú nọ́ńbà wọ̀nyí ni Pauly, Froese àti àwọn mẹ́ta mìíràn lò ní ọdún 1998, nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ FAO lórí ẹja pípa láti ọdún 1950 dé 1994 wò, tí wọ́n sì fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ẹja ńláńlá tó ń jẹ ẹja ń dínkù nínú àwọ̀n, tí ẹja kéékèèké sì ń rọ́pò wọn. Àwọn onímọ̀ kan jiyàn pé ẹja tí wọ́n pa kì í sọ gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú omi, iyàn náà kò sì tíì tán. N kò rí i bí àbùkù fún FishBase. Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn lè rí ni wọ́n fi ń jiyàn. Ní ọdún 2023, Pauly pín ẹ̀bùn Tyler, tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣiṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ àyíká, pẹ̀lú Rashid Sumaila, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ẹja tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní British Columbia.

Ní ti ìkọ́ni, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ètò ìdánimọ̀ ẹja wà níbẹ̀, ìdánwò aláwòrán sì wà tí olùkọ́ lè fi dá akẹ́kọ̀ọ́ lára yá. Èyí tó wúlò jù fún kíláàsì wa ni àtòjọ ẹja ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: yan Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, kí o sì béèrè ẹja odò nìkan, gbogbo rẹ̀ yóò jáde. Tervuren náà ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ẹja láti Áfíríkà sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí lílo FishBase àti dídá ẹja mọ̀. Mo gbóríyìn fún ohun kan pẹ̀lú: Pauly ní èrò tirẹ̀ pé bí ẹja ṣe ń tóbi sí i ni ẹ̀yà ara tó fi ń mí nínú omi kì í lè tẹ̀lé bí ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀, àti pé èyí ló ń fi òpin sí ìdàgbà ẹja. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara kò gbà á ní àgbàtán. Nọ́ńbà ni ojú ewé ẹja ń fúnni, ẹni tó bá kọ èrò náà sì lè fi nọ́ńbà kan náà ṣe ìṣirò tirẹ̀.

Ìrísí rẹ̀ kò bá ìgbà mu mọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lójú ewé, lẹ́tà kéré lórí fóònù, ẹni tí kò bá mọ ibi tó ń lọ lè sọnù. Lọ́wọ́ kejì, kò ń kó ìpolówó báni, ojú ewé kan kò sì ń jẹ dátà bí fídíò. A lè ka á ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé, ní Potogí àti ní àwọn èdè mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Yorùbá.

Ẹni tó bá ń wá edé tàbí akàn kò ní bá a níbẹ̀, nítorí ẹja nìkan ni FishBase wà fún. SeaLifeBase ni àbúrò rẹ̀ tó kó àwọn tó kù mọ́ra. Ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n àbúrò ni lóòótọ́: ọ̀pọ̀ ojú ewé rẹ̀ ṣì ṣófo.

Ibi tí mo rò pé ọwọ́ tiwa gan-an yẹ kí ó dé ni orúkọ. Yorùbá wà lára àwọn èdè tí orúkọ ẹja wọn wà nínú FishBase, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kéré sí ohun tí apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Màkókó lè sọ láàárín wákàtí kan, tó fi mọ́ orúkọ tí ọmọ ẹja ń jẹ́ kí ó tó dàgbà. Ọ̀nà láti fi orúkọ, àwòrán àti àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja ní fásitì wa lè fi ṣe iṣẹ́ ọdún kejì: kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì lọ sí èbúté ní Badagry, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìlàjẹ, kí wọ́n ya àwòrán ẹja pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ ìlú tí wọ́n ti gbọ́ ọ, kí olùkọ́ wọn sì fi orúkọ Látìn tì í kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.